Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún developer: orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀?

Ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn kì í ta ìrẹsì, kì í ta bàtà. Ọgbọ́n orí àti orúkọ rere ni ọjà tó ń tà. Bóyá ọ̀rọ̀ owó orí lẹ fi ń gba èèyàn nímọ̀ràn ni o, àbí ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yín máa ṣe ni kó fi fóònù ẹ̀ wá yín lórí Google. Tó bá bá ojú ewé tó ti kú pàdé, ó lè má pè yín mọ́.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ máa ń wá ẹnì kan, wọ́n á dúnàádúrà, wọ́n á sanwó, ó parí. Àmọ́ wàhálà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, nígbà tí owó domain tún tó san, tí ẹni tó ṣiṣẹ́ ti já pa lọ sókè òkun, tí nọ́ńbà ẹ̀ ò sì lọ mọ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kí irú ẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí yín rèé.

Nǹkan mẹ́ta lẹ ń sanwó fún

Àkọ́kọ́ ni domain, ìyẹn orúkọ tí èèyàn máa tẹ̀ kó tó rí yín. Èyí tó bá parí sí .ng tàbí .com.ng wà lábẹ́ àjọ NiRA, ìyẹn Nigeria Internet Registration Association. Ní ti .com, àjọ ICANN tó wà ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe òfin tí àwọn tó ń tà á ń tẹ̀ lé. Ọwọ́ àwọn alágbàtà tí wọ́n ń pè ní registrar lẹ ti máa rà á. Kò sẹ́ni tó ń ra domain títí ayé o. Ẹ kàn ń háyà ẹ̀ ni, lọ́dọọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè san owó .com sílẹ̀ tó ọdún 10.

Ìkejì ni hosting, ìyẹn àyè lórí kọ̀ǹpútà kan tó ń wà lórí iná tọ̀sán-tòru, tí ojú ewé yín máa wà níbẹ̀. Owó òun náà ń padà wá.

Ìkẹta ni iṣẹ́ ọwọ́ developer fúnra ẹ̀. WordPress ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ó sì ti wà láti ọdún 2003. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn nǹkan kan tí wọ́n ń so mọ́ ọn, bíi theme àti plugin, ló lè jẹ́ olówó. Torí náà, ẹ ní kó kọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kó sì fi èyí tẹ́ ẹ máa san lẹ́ẹ̀kan hàn yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ máa san lọ́dọọdún.

Ta ló ni ín?

Ṣé birikilà tó kọ́ ilé fún yín ló máa fi orúkọ ara ẹ̀ gba ìwé ilẹ̀? Ohun tí ẹ ń ṣe nìyẹn tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí developer fi orúkọ àti ímeèlì tiẹ̀ ra domain yín. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ registrar ni registrar mọ̀. Rìsíìtì owó tẹ́ ẹ fún developer lè máà tó láti gbà á padà.

Tí domain bá sì kú, kì í ṣe ojú ewé nìkan ló lọ. Ímeèlì tó ń lo orúkọ yẹn náà dákẹ́: ìwé owó tẹ́ ẹ ń retí, èsì tender, gbogbo ẹ̀.

Nítorí náà:

- Ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ registrar àti lọ́dọ̀ oníhosting, ní orúkọ ilé-iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì fi káàdì ilé-iṣẹ́ sanwó.
- Ímeèlì tẹ́ ẹ máa fi ṣí i, kó má ṣe jẹ́ èyí tó wà lórí domain yẹn kan náà. Bí domain bá kú, ibo lẹ ti máa gba password tuntun?
- Nínú WordPress, ipò Administrator ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹni tó jẹ́ Editor lè kọ nǹkan, kò lè darí ilé.
- Ẹ béèrè ibi tí backup wà, kẹ́ ẹ sì ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́.

Ohun tí òfin sọ

Lábẹ́ Copyright Act ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà, ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀, àyàfi tí àdéhùn bá sọ nǹkan míì. Pé ẹ sanwó nìkan ò sọ ọ́ di tiyín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ jọ buwọ́ lù ú.

Bí ojú ewé yín bá ń gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà, Nigeria Data Protection Act ti ọdún 2023 kàn yín. Ẹ̀yin ni òfin máa bi, kì í ṣe developer nìkan.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ẹni tó mọṣẹ́

Ẹ ní kó fi wẹ́ẹ̀bùsáìtì mẹ́ta tó ti ṣe hàn yín. Fóònù yín ni kẹ́ ẹ fi ṣí i, pẹ̀lú dátà yín, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù tiẹ̀. Bó bá ń fà bí ìgbín, ẹ ti rí i fúnra yín. Ẹ wò ó bóyá https ló fi bẹ̀rẹ̀: láti ọdún 2018 ni Chrome ti ń kọ “Not secure” sí èyí tí kò bá ní in, bẹ́ẹ̀ sì ni Let's Encrypt ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pe àwọn tó ni wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọ̀nyẹn. Ìbéèrè kan ti tó: lẹ́yìn tó gbowó tán, ṣé ó ṣì ń gbé fóònù?

Owó

Ẹ pín in sí mẹ́ta: díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá rí iṣẹ́, ìyókù lọ́jọ́ tó bá kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́, tẹ́ ẹ sì ti pààrọ̀ password. Àmọ́ ẹ má rẹ́ òun náà jẹ. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe, ẹ̀yin náà lẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ tó máa wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi oṣù méjì dá a dúró torí ọ̀rọ̀ àti fọ́tò, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀ pé iṣẹ́ pẹ́. Bẹ́ ẹ bá sì fi iṣẹ́ kún iṣẹ́, ẹ fi owó kún owó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ .com, ẹ lọ sí lookup.icann.org, kẹ́ ẹ tẹ domain yín síbẹ̀. Ó máa sọ orúkọ registrar àti ọjọ́ tí owó ẹ̀ máa tán. Tẹ́ ò bá ní password registrar yẹn lọ́wọ́, ẹ pe developer yín lónìí, nígbà tí ẹ̀yin àti ẹ̀ ṣì jọ ń rẹ́rìn-ín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.