Aṣọ Ìbora Alábùlẹ̀ àti Ìtàn Àwọn Obìnrin Gee's Bend ní Ìpínlẹ̀ Alabama

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá a máa sọ ọmọ àbíkú ní Àkísàátán, ìyẹn ni pé àkísà tí wọn ìbá fi dì í sin ti tán nílé. Nínú orúkọ yìí, àkísà àti ikú ọmọ ni wọ́n so pọ̀. Ní Gee's Bend, létí odò Alabama ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí àwọn ìyá fi àkísà ṣe: òun ni wọ́n fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ òtútù. Àpilẹ̀kọ yìí gbé ìtàn aṣọ ìbora náà yẹ̀ wò, ó sì wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan: ǹjẹ́ ó tọ́ kí Yorùbá pe iṣẹ́ yìí ní àjogúnbá tiwọn?

Ìtàn Ìlú Náà

Joseph Gee láti North Carolina ni ó tẹ oko òwú náà dó ní 1816. Ní 1845, nítorí gbèsè, oko náà bọ́ sọ́wọ́ Mark Pettway. Ó kó bí ọgọ́rùn-ún ẹrú wá láti North Carolina, ẹsẹ̀ sì ni wọ́n fi rìn ín. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ń jẹ́.

Nígbà tí oko ẹrú dópin ní 1865, ilẹ̀ kò di tiwọn. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ti ń dáko. Wọ́n ń gba irúgbìn àti oúnjẹ láwìn, wọ́n sì ń fi òwú san án. Ipò wọn kò jìnnà sí ti ìwọ̀fà tí ń sin olówó láìrí owó san. Ní 1932, lẹ́yìn tí owó òwú ti já wálẹ̀, ìdílé oníṣòwò kan tí wọ́n jẹ ní gbèsè kó ẹran ọ̀sìn, irinṣẹ́ àti oúnjẹ wọn lọ. Ìjọba àpapọ̀ ni ó wá ra ilẹ̀ náà lẹ́yìn èyí, tí ó kọ́ ilé síbẹ̀, tí ó sì tà á fún àwọn àgbẹ̀ náà.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Rán An

Ṣáájú àsìkò yìí, ilé igi tí afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo ara rẹ̀ wọlé ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ń lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, wọ́n sì ń to aṣọ ìbora lé ara wọn níbi tí àwọn ọmọ ń sùn sí.

Ìpele mẹ́ta ni aṣọ náà ní. Ti òkè ni àbùlẹ̀: ṣòkòtò oko tí orúnkún rẹ̀ ti já, aṣọ obìnrin tí ó ti gbó, àpò ìyẹ̀fun àti àpò ajílẹ̀. Wọn á yọ ibi tí ó ṣì lágbára, wọn á sì rán an pọ̀ ní ọ̀já gbọọrọ tàbí ní onígun mẹ́rin. Ti àárín ni òwú, àṣẹ́kù tí wọ́n ṣà jọ, tí wọ́n sì fi igi lù kí ó lè fẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àpò tí wọ́n tú. Wọn á na mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí férémù igi, àwọn obìnrin á jókòó yí i ká, wọn á sì fi abẹ́rẹ́ gún un já kí òwú má baà wọ́ jọ sójú kan. Àwọn ọmọdébìnrin a máa ki okùn bọ abẹ́rẹ́ fún ìyá wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́.

Nínú bátànì tí wọ́n ń pè ní Housetop, ègé aṣọ kan ni yóò wà láàárín, wọn á sì máa fi ọ̀já yí i ká títí yóò fi fẹ̀ tó. Èyí tí ẹnì kan bá fi ọgbọ́n ara rẹ̀ gbé kalẹ̀ ni wọ́n ń pè ní My Way. Nígbà tí ọkọ Missouri Pettway kú, aṣọ oko olóògbé náà ni ó fi rán ìbora ní 1942 kí ó lè máa rántí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Arlonzia, ni ó ràn án lọ́wọ́. Lára aṣọ náà, ibi tí àwọ̀ ti ṣá àti ibi tí kò ṣá ń sọ bí ọkùnrin náà ti ṣiṣẹ́ tó.

Aṣọ Ìbora àti Ìjà fún Ẹ̀tọ́

Ní 1962, àwọn aláṣẹ dá ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé wọn kọjá sí Camden dúró, kí wọ́n má baà rí ọ̀nà lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò. Ọkọ̀ náà kò padà títí di 2006. Ní òpin 1965, àlùfáà Francis X. Walter rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lórí okùn, ó ra díẹ̀, ó sì ṣètò títa irú wọn ní New York. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń jẹ́ Freedom Quilting Bee ti bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Ní 1972, ilé-iṣẹ́ Sears gbé iṣẹ́ ìbòrí ìrọ̀rí fún wọn. Iṣẹ́ náà mú owó wọlé, ṣùgbọ́n gbogbo ìbòrí gbọ́dọ̀ bá ara mu, èyí tí ó ta ko òmìnira tí My Way dúró fún. Ẹgbẹ́ náà kógbá sílé ní 2012.

Ní 2002, wọ́n pàtẹ àwọn aṣọ náà ní ilé ọnà ìlú Houston àti ní Whitney ní New York. Ní 2006, ìjọba tẹ àwòrán wọn sórí sítáǹbù. Àmọ́ ní 2007, díẹ̀ nínú àwọn obìnrin náà pe ẹjọ́ pé owó tí ó tọ́ sí àwọn kò dé ọwọ́ àwọn. Okìkí dé, ìbéèrè ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀ sì tẹ̀lé e.

Ìbátan pẹ̀lú Ilẹ̀ Yorùbá

Robert Farris Thompson, nínú Flash of the Spirit (1983), tọ́ka sí ìjọra tí ó wà láàárín irú aṣọ yìí àti aṣọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Yorùbá tí ó bá rí i yóò rántí ọ̀já òfì tóóró tí wọ́n ń rán mọ́ra, tàbí ẹ̀kú egúngún tí ìdílé ń fi aṣọ kún. Ṣùgbọ́n ìjọra nìkan kò tó ẹ̀rí. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà náà, bí Ọ̀yọ́ ṣe ń wó, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn Yorùbá lọ sí Brazil àti Cuba. North Carolina sì ni àwọn ẹrú Pettway ti wá.

Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn náà kò tì pátápátá. Ní 1860, ọkọ̀ Clotilda kó ẹrú láti Ouidah wá sí Mobile ní Alabama láìka òfin sí, àwọn Yorùbá sì wà nínú wọn. Ìwádìí Hannah Durkin ní 2020 fi hàn pé ọ̀kan nínú wọn, Matilda McCrear, gbé ayé ní Alabama títí di 1940. Arlonzia Pettway náà a máa sọ ìtàn Dinah Miller, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ńlá rẹ̀, tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú kó wá.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ẹ̀rí gbè lẹ́yìn ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà ní agbègbè náà. Kò sí ẹ̀rí pé láti ọ̀dọ̀ Yorùbá ni iṣẹ́ náà ti wá. Bí wọ́n bá pe gbogbo àbùlẹ̀ Gee's Bend ní ogún Yorùbá, wọ́n gba iyì kúrò lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ebi, gbèsè àti òtútù kọ́ ní ọgbọ́n, bí àwọn mìíràn ti gba ilẹ̀ àti ohun ọ̀sìn lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ran aṣọ ni ó ni aṣọ. Ohun tí ó kù fún àwọn onímọ̀ Yorùbá ni kí wọ́n kọ ìtàn àbùlẹ̀ ti ilé tiwọn sílẹ̀ pẹ̀lú irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀, kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó kọjá lọ.