Ojúlé àti Orúkọ fún Àwọn Ẹ̀rọ Inú Ilé: Ìtọ́nisọ́nà fún Àwọn Olùgbé Ṣómólú àti Bàrígà

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ṣómólú àti Bàrígà, ìdílé púpọ̀ ni ó ń gbé lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, tí mítà wọn sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn mítà, a tún ń rí jẹnẹrétọ̀, invẹ́tà, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, gílóòbù tí a ń fi fóònù tàn, àti ẹ̀rọ Wi-Fi tí ó so wọ́n pọ̀. Bí a kò bá mọ èyí tí ó jẹ́ ti yàrá wo, owó lè ṣòfò, iṣẹ́ lè dúró, ẹ̀mí pàápàá sì lè wà nínú ewu. Àlàyé yìí fi hàn bí onílé àti ayálégbé ṣe lè fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ojúlé àti orúkọ tí gbogbo ará ilé yóò lóye.

Ìyàtọ̀ láàárín àdírẹ́sì àti orúkọ

Àdírẹ́sì ni nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ kan mọ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ ni èyí tí ènìyàn ń pè é. Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ṣòro fún ènìyàn láti há sórí. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ kọ méjèèjì sílẹ̀ pọ̀.

Ìlànà yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Pico Electronics ní Skọ́tílándì ṣe ètò X10, tí ó ń gba ojú wáyà iná darí àwọn ẹ̀rọ inú ilé. Lẹ́tà kan láti A dé P dúró fún ilé, nọ́ńbà kan láti 1 dé 16 sì dúró fún ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àdírẹ́sì 256. Bí aládùúgbò méjì tí wọ́n jọ ń lo wáyà kan náà bá yan lẹ́tà kan náà, ẹnìkan lè máa tan iná ilé ẹnìkejì láìmọ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò tíì yí padà: a ní láti kọ́kọ́ ya ilé tàbí yàrá sọ́tọ̀, kí a tó ka àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀.

Mítà iná

Mítà alásansílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ó jẹ́ òǹkà 11 tàbí 13. Òǹkà 20 tí a ń gbà lẹ́yìn tí a bá sanwó wà fún mítà kan ṣoṣo. Mítà mìíràn kò ní gbà á wọlé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà mítà yàrá kejì sanwó ti ra iná fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba ní ọdún 2024, nígbà tí a ní láti tún àwọn mítà alásansílẹ̀ ṣe kí ó tó di ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá. Òǹkà 20 lọ́nà méjì ni a ní láti tẹ̀ sínú mítà kọ̀ọ̀kan ṣáájú kí ó tó lè gba owó tuntun, òǹkà mítà kan kò sì bá èkejì mu.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe nìyí:
- Ẹ ka nọ́ńbà náà láti ara mítà fúnra rẹ̀ tàbí láti inú ìwé ilé iṣẹ́ iná. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí ẹnìkan kọ sára ògiri.
- Bí mítà bá wà lórí òpó iná, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀nọ́ńbà sì wà nínú yàrá, ara ẹ̀rọ inú yàrá ni kí ẹ lẹ àmì mọ́. Ẹ má ṣe gun òpó. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ kan ohun tí ó wà lókè.
- Ẹ kọ nọ́ńbà yàrá sí iwájú nọ́ńbà mítà, kí ẹ sì yẹ méjèèjì wò kí ẹ tó sanwó.

Bíréékà, jẹnẹrétọ̀ àti invẹ́tà

Níhìn-ín ni àìsí àmì ti lè pa ènìyàn. Oníṣẹ́ iná tí ó bá pa bíréékà yàrá 4, tí ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní yàrá 5, lè fi ọwọ́ kan wáyà tí iná 230 folti wà nínú rẹ̀. Ẹ lẹ àmì mọ́ ẹ̀gbẹ́ bíréékà kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ yàrá tí ó ń fún níná àti ohun tí ó wà fún: gílóòbù, sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀rọ omi. Láti mọ̀ bóyá àmì náà tọ́, ẹ pa bíréékà kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo ibi tí iná ti kú.

Invẹ́tà fẹ́ ìṣọ́ra ju èyí lọ. Bí iná ìjọba bá tilẹ̀ lọ, iná bátìrì ṣì wà nínú àwọn wáyà kan. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí invẹ́tà ń fún níná gbọ́dọ̀ ní àmì aláwọ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti ìyókù. Bákan náà, súìṣì tí a fi ń yí láti iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ ní àkọlé ní ìhà méjèèjì.

Àwọn ẹ̀rọ orí Wi-Fi

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ó ń lo Wi-Fi ní àdírẹ́sì méjì. Èkínní ni èyí tí a fún un ní ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é: àmì 12 láti inú òǹkà 0 dé 9 àti lẹ́tà A dé F, tí a sábà máa ń tẹ̀ sára rẹ̀. Èkejì ni èyí tí ẹ̀rọ Wi-Fi ilé fún un, bíi 192.168.1.31. Èyí kejì lè yí padà nígbà tí iná bá lọ tí ó sì dé.

Àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú yóò mọ ìṣòro yìí: iná dé, kọ̀ǹpútà kò sì rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́, nítorí pé àdírẹ́sì rẹ̀ ti yí padà. Ojútùú rẹ̀ ni kí a wọ inú ètò ẹ̀rọ Wi-Fi, kí a sì ya àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ tí kì í kúrò lójú kan, bíi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kámẹ́rà. Ní ilé tí àwọn yàrá ti jọ ń lo Wi-Fi kan, ẹ lè fi nọ́ńbà yàrá pín in: yàrá 1 gba láti .11 dé .19, yàrá 2 láti .21 dé .29, yàrá 3 láti .31 dé .39, bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá rí .34 yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé yàrá 3 ni.

Bí a ṣe ń yan orúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ibi tí ẹ̀rọ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà irú ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà nọ́ńbà: Yara3-Globu-1, Enuona-Kamera-2.
- Ẹ má ṣe fi orúkọ ènìyàn pe ẹ̀rọ. Ayálégbé lè kó lọ, ṣùgbọ́n yàrá 3 yóò wà níbẹ̀.
- Àwọn ẹ̀rọ kan kì í gba ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Ẹ lo lẹ́tà lásán nínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì kọ ọ́ dáadáa sára àmì tí ẹ lẹ̀. Ẹ rí i pé orúkọ méjì kò jọra nígbà tí a bá yọ àmì ohùn kúrò.
- Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà ilé tàbí orúkọ ìdílé ṣe orúkọ Wi-Fi, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó ń kọjá lè rí i.
- Fún ibi tí òjò àti oòrùn ń dé, ẹ lo sítíkà onírọ́bà. Tádàwà orí bébà lásán kì í pẹ́ parẹ́.

Ìwé àkọsílẹ̀ ilé

Kí onílé tàbí aṣojú rẹ̀ ní ìwé kan tí a kọ yàrá, nọ́ńbà mítà, bíréékà, àdírẹ́sì ẹ̀rọ àti ọjọ́ tí a fi sí i sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìwé yìí. Ẹni tí ó ni ín ni kí ó tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí ayálégbé bá ń kó jáde

Mítà kì í bá ayálégbé lọ, ṣùgbọ́n àṣẹ tí ó ní lórí àwọn ẹ̀rọ mìíràn lè bá a lọ nínú fóònù rẹ̀. Ẹ yọ fóònù rẹ̀ kúrò lórí kámẹ́rà àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ẹ dá ẹ̀rọ tí ó fi sílẹ̀ padà sí bí ó ti wà nígbà tí a rà á, kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ ìwọlé Wi-Fi padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ó ti lọ ṣì lè máa wo ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Òfin Ààbò Ìwífún Nàìjíríà ti ọdún 2023 dá ẹ̀tọ́ ènìyàn mọ̀ lórí ìwífún ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe dojú kámẹ́rà kọ ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé aládùúgbò.

Ní àkókò pàjáwìrì

Bí wáyà bá ń jóná, ẹ pa bíréékà àgbà bí ẹ bá lè dé ibẹ̀ láìséwu, kí ẹ jáde, kí ẹ sì pe 767 tàbí 112. Ọdún 2003 ni Bàrígà di Ìjọba Ìdàgbàsókè Ìbílẹ̀ tirẹ̀ láti ara Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣómólú, nítorí náà àdírẹ́sì kan lè wà lábẹ́ Ṣómólú nínú ìwé kan, kí ó sì wà lábẹ́ Bàrígà nínú òmíràn. Ẹ sọ nọ́ńbà ojúlé, orúkọ òpópónà àti ibùdókọ̀ tí ó súnmọ́ jùlọ. Ẹ rí i pé nọ́ńbà ilé hàn ketekete lára ògiri iwájú, kí àwọn panápaná má bàa kọjá ilé tí wọ́n ń wá.