Ìgò Dúdú Inú Ẹrù Bàbá Àgbà

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà, ní Kánádà àti ní Ọsirélíà, ìgò amọ̀ kan a máa wà nínú ẹrù tí òbí àgbà fi sílẹ̀ sáyé lọ, tí àwọn ọmọ-ọmọ kò ní mọ ohun tí wọn ì bá pè é. Ìgò náà kì í ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ikùn rẹ̀ rí róbótó, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ṣí síta bí ẹnu fèrè. Ó dúdú, tàbí kí ó ní àwọ̀ obì gbígbẹ, ara rẹ̀ a sì máa dán, àfi ìdí rẹ̀ nìkan tí a kò kùn. Ìtàn tí ó sábà máa ń bá a rìn ni pé ó ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún, tàbí pé láti ààfin ọba Ṣáínà ni ó ti wá. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Ìgò ọtí àwọn lébìrà ni. Ohun tí a fẹ́ tẹnu mọ́ níhìn-ín ni pé òótọ́ yìí níye lórí ju ìtàn ààfin náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Àwọn ìyá wa amọ̀kòkò a máa to ìkòkò jọ, wọn a fi igi àti koríko bò ó, wọn a sì dáná sun ún ní gbangba. Irú iná bẹ́ẹ̀ kì í gbóná tó láti mú kí amọ̀ dì pátápátá. Ìdí nìyí tí àmù fi máa ń làágùn, tí omi inú rẹ̀ sì fi máa ń tutù. Bí a bá rọ ọtí sínú àmù kí ó pẹ́ níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dínkù. Àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn ń sun ìkòkò nínú ààrò tí a mọ bò, tí ooru rẹ̀ ń tó 1,200 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ǹtígíréèdì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí amọ̀ náà yóò fi le bí òkúta tí kò sì ní jẹ́ kí omi gba ara rẹ̀ jáde. Kì í ṣe tánńganran o. Tánńganran funfun, ìmọ́lẹ̀ a sì máa là á kọjá níbi tí ó bá ti fẹ́lẹ́. Àwọn àgbà wa tí ó mọ ìgò amọ̀ tí wọ́n fi ń kó jíìnì wá láti Yúróòpù láyé àtijọ́ ti rí ìbátan rẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ni àwọn ọ̀gbẹ́ni wọ̀nyẹn ń dà sínú iná kí ara ìgò lè dán, òun ni ó fi ń rí wínníwínní bí èèpo ọsàn. Ti Japáànì, èyí tí wọ́n ń pè ní tokkuri, sábà máa ń ní orúkọ ilé-ọtí tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kọ sí i lára, nítorí pé ilé-ọtí ni ó ni ín. Oníbàárà kàn yá a lọ ni, yóò sì dá a padà.

Ẹkùn Guangdong ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà ni ìgò tiwa ti wá. Ìlú Shiwan, lẹ́bàá Foshan, gbajúmọ̀ níbẹ̀ fún irú iṣẹ́ amọ̀ líle yìí. Láti ẹkùn yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n wọkọ̀ lọ sí Kalifóníà ti gbéra nígbà tí a rí wúrà níbẹ̀ ní ọdún 1848. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè Central Pacific gba ju 10,000 nínú wọn láti la ojú irin kọjá lórí àwọn òkè Sierra Nevada, iṣẹ́ tí ó parí ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1869. Ilé-iṣẹ́ ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun. Àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ń fi owó ara wọn ra oúnjẹ. Ìrẹsì, ẹja gbígbẹ, ẹ̀fọ́ tí a fi iyọ̀ pa, ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà àti ọtí, inú ìkòkò àti ìgò dúdú wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Àpáàdì wọn ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń ṣà títí di òní ní Summit Camp, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ti gbé nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ihò la àpáta kọjá.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1867, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ 40 dọ́là lóṣù, kí a sì dín wákàtí iṣẹ́ kù. Charles Crocker, tí ó ń darí iṣẹ́ náà, kò bá wọn jà. Ó kàn dí ọ̀nà oúnjẹ ni. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n fi padà sẹ́nu iṣẹ́, láìrí owó náà gbà. Ta ni wọ́n? Nínú ìwé owó-oṣù, orúkọ olórí ẹgbẹ́ nìkan ni a sábà máa ń kọ, a ó sì ka àwọn yòókù mọ́ ọn bí ẹni ń ka òkìtì iṣu. Yunifásítì Stanford bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá lé wọn lórí ní ọdún 2012, síbẹ̀ a kò tí ì rí lẹ́tà kan ṣoṣo tí ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti ẹnu iṣẹ́ náà. Níbi tí ìwé ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀, àpáàdì ni ẹlẹ́rìí.

Kí òǹkàwé má sì rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì lásán ni èyí. Láàárín ọdún 1847 sí 1874, a kó ará Ṣáínà tí ó lé ní 120,000 lọ sí Kúbà lábẹ́ àdéhùn ọdún mẹ́jọ-mẹ́jọ, wọ́n sì bá àwọn ènìyàn wa, àwọn Lùkùmí, ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké kan náà. Orúkọ Sípéènì ni a fi pa tiwọn rẹ́. Wifredo Lam, ayàwòrán tí a bí ní Sagua la Grande ní ọdún 1902, ará Ṣáínà ni bàbá rẹ̀. Abọrìṣà Lùkùmí sì ni ìyá ìsàmì rẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe lè mọ ọjọ́ orí ìgò kan? Ìrísí rẹ̀ kò lè ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí wọ inú ọ̀rúndún ogún ni a fi ń mọ ọ́n bákan náà. Ohun tí a ń wá lọ sí Ṣókótó wà lápò ṣòkòtò: kí a yí i, kí a wo ìdí àti èjìká rẹ̀. Òfin owó-orí ọjà ti ọdún 1890 pa á láṣẹ pé kí a kọ orúkọ ìlú tí ọjà ti wá sára ohun tí ó bá wọ Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ìgò tí a bá tẹ “China” sí lára kò lè ti rìn jìnnà ju ìgbà náà lọ. Àìsí orúkọ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́rìí nǹkan kan, nítorí pé bébà tí a lẹ̀ mọ́ ọn ti lè ṣí dànù. Bí a bá wá rí i kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí a ta ìgò náà tàbí kí a tún un lò, ọ̀rọ̀ parí: láàárín ọdún 1935 sí 1964 ni òfin yẹn fi de ìgò ọtí líle ní Amẹ́ríkà. Irú èyí kò bá òṣìṣẹ́ ojú irin kankan pàdé. Ọtí Ng Ka Py, tí a fi èèpo egbòogi sè, ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ará Ṣáínà kan ní San Francisco ni bàbá àgbà ti rà á.

Èyí tí kò ní àmì kankan, tí erùpẹ̀ sì ti wọ ìdí rẹ̀ ṣinṣin, inú ilẹ̀ ni a ti wú u. Láti ọdún 1979 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni wú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti lé ní 100 ọdún, lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ láìgba àṣẹ. Ibi tí bàbá àgbà ti wú tirẹ̀, àti ọdún tí ó wú u, ni ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó bá a gbé.