Ẹnìkan Kì í Jẹ́ Àwá Dé: Ìtàn Bí Ọ̀pọ̀ Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Jùmọ̀ Tọ́jú Fáìlì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Àwọn àgbà kan náà ni ó sì sọ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Òwe kìíní ń yin àgbájọ. Èkejì ń kìlọ̀ pé àgbájọ kì í pẹ́ tú. Láàrin òwe méjèèjì ni ìtàn yìí wà, ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe kó ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ láti máa tọ́jú fáìlì, tí ó fi jẹ́ pé lójú ẹni tí ń lò wọ́n, bí ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn rí.

Kí ni ó fa irú làálàá bẹ́ẹ̀? Bí gbogbo fáìlì wa bá wà nínú kọ̀ǹpútà kan, ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà náà bá kú ni fáìlì bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé bí a bá ti ní ẹ̀rọ púpọ̀, tí àyè gbà wá, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àyè kọ́ ni ìṣòro, ìfohùnṣọ̀kan ni. Nígbà tí ẹ̀rọ méjì bá mú ẹ̀dà fáìlì kan náà lọ́wọ́, tí ọ̀rọ̀ wọn kò sì dọ́gba, èwo ni kí a gbà gbọ́?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1969 ni kọ̀ǹpútà kan ní Los Angeles kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òmíràn ní ilé ìwádìí Stanford lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ARPANET. Ní ọdún 1971, Abhay Bhushan ti MIT kọ òfin bí a ṣe lè gbé fáìlì láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Ó wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ni ó ń gbé, ẹ̀dà tí ó bá sì ti kúrò nílé kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tí ó fi sílẹ̀ mọ́. Àwa tí ń kọ́ ìmọ̀ èdè kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Bí oríkì ìdílé kan bá wà lẹ́nu apohùn méjì ní ìlú méjì, tí ọdún gorí ọdún, wọn kì í bára mu délẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1985, ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà gbé NFS jáde. Sáfà, èyí ni ẹ̀rọ tí ń dá àwọn yòókù lóhùn, ni ó di fáìlì mú. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń kà á láti òkèèrè bí ẹni pé inú ara wọn ni ó wà. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé sáfà náà kì í rántí oníbàárà kankan. Gbogbo ohun tí yóò fi dáhùn ìbéèrè, inú ìbéèrè náà ni a ti ń kọ ọ́. Nítorí náà, bí sáfà bá kú tí ó sì jí, kò sí ìrántí tí ó sọnù. Oníbàárà yóò kàn tún béèrè ni. Ṣùgbọ́n bí sáfà kò bá jí ńkọ́? Oníbàárà a máa béèrè lọ, iṣẹ́ a sì dúró gbagidi. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti lo NFS ni ó mọ gbólóhùn tí ń yọ lójú ẹ̀rọ, pé sáfà kò dáhùn, a ṣì ń gbìyànjú.

Láàrin àwọn ọdún wọ̀nyí kan náà, Yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh àti ilé-iṣẹ́ IBM jùmọ̀ dáwọ́ lé iṣẹ́ kan tí wọ́n sọ ní Andrew, nítorí pé Andrew ni orúkọ Carnegie àti Mellon méjèèjì. Wọ́n fẹ́ kí ó gba kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 5,000. Ètò wọn ni pé kí oníbàárà gba odindi fáìlì sọ́dọ̀, kí ó lò ó, kí ó sì dá a padà bí ó bá yí i padà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti fi nǹkan bí 20 kọ̀ǹpútà lé sáfà kan lọ́wọ́, a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n jókòó, wọ́n ka ohun tí àwọn oníbàárà ń béèrè, wọ́n sì rí i pé èyí tí ó ju ìdajì lọ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Ǹjẹ́ ẹ̀dà ọwọ́ mi ṣì dára?” Wọ́n bá yí òfin padà. Sáfà ṣèlérí pé bí fáìlì bá yí padà, òun ni yóò ké sí oníbàárà. Bí kò bá gbọ́ nǹkan, kí ó fọkàn balẹ̀. Ìlérí yìí fúyẹ́ ẹrù sáfà gidigidi. John Howard, M. Satyanarayanan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ìtàn náà síta ní ọdún 1988. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, nítorí ẹni tí kò mọ ìdí àrùn kò lè mọ oògùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wáyà tí ó so àwọn sáfà pọ̀ bá já, ìlérí kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a ṣe é fún. Bí sáfà bá jẹ́ méjì, èkíní yóò rò pé èkejì ti kú, èkejì yóò rò bẹ́ẹ̀ nípa èkíní, olúkúlùkù yóò sì fi ara rẹ̀ jọba. Bẹ́ẹ̀, ọba méjì kì í gbé ààfin kan. Lọ́jọ́ tí wáyà bá tún so pọ̀, ìtàn méjì ni a ó bá nílẹ̀.

Leslie Lamport wá ìdáhùn sí èyí. Ó kọ ọ́ bí ìtàn ìgbìmọ̀ aṣòfin ayé àtijọ́ kan ní erékùṣù Paxos ní ilẹ̀ Gíríìsì, àwọn aṣòfin tí kì í fi ìgbà kankan jókòó tán. Òfin kò dúró àfi bí èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ bá fọwọ́ sí i. Bí ìdajì-lé méjì bá sì pé jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó kéré tán ẹnìkan yóò wà nínú méjèèjì, ẹni náà kò sì ní jẹ́ kí òfin kejì tako ti ìṣáájú. Ọdún 1990 ni ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Ọdún 1998 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń to sáfà ìgbìmọ̀ fi ń lo mẹ́ta tàbí márùn-ún. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta bá kú, méjì ṣì ju ìdajì lọ. Bí mẹ́rin bá pín sí méjì-méjì, ẹnikẹ́ni kò lè dájọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, Sanjay Ghemawat, Howard Gobioff àti Shun-Tak Leung ṣàlàyé ètò Google. Wọ́n ní kí a yé rò pé ikú ẹ̀rọ jẹ́ àjèjì. Ohun ojoojúmọ́ ni. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n lò, èyí tí ó tóbi jù nínú àgbájọ wọn lé ní 1,000. Wọ́n gé fáìlì sí ègé mẹ́gábáìtì 64, wọ́n sì fi ẹ̀dà ègé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀rọ mẹ́ta. Ọ̀gá kan ni ó mọ ibi tí ègé wà; àwọn yòókù ń jíṣẹ́ fún un nígbà gbogbo pé àwọn ṣì wà láàyè. Èyí tí ó bá dákẹ́, ọ̀gá a ní kí a tún ẹ̀dà rẹ̀ ṣe síbòmíràn. Àmọ́ ohun tí ó bà wọ́n lẹ́rù ju ikú lọ ni irọ́. Ọ̀pọ̀ díìsìkì wọn ń sọ pé àwọn gbọ́ irú èdè kan tí ẹ̀rọ ń bá wọn sọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò gbọ́ ọ dáadáa. Fáìlì a sì máa bàjẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣírò àmì fún ègé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọdún 2006 ni Hadoop dé, èyí tí Doug Cutting fi orúkọ erin ìṣeré ọmọ rẹ̀ sọ, tí ó tẹ̀lé ipasẹ̀ Google. Ọdún kan náà ni Sage Weil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Santa Cruz gbé Ceph kalẹ̀, níbi tí oníbàárà ti lè fi ìṣirò mọ ibi tí ègé wà láìbéèrè lọ́wọ́ ọ̀gá.

Kí ni èyí kan àwa ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá? Ohùn àwọn apohùn tí a bá gbà sílẹ̀ lónìí, inú fáìlì ni yóò wà. Bí a bá gbé e lé ẹ̀rọ kan lọ́wọ́, ẹni tí ó fi gbogbo ogún bàbá rẹ̀ pamọ́ sí yàrá kan ni a fi jọ. Bí a bá sì ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí a má ṣe sùn lọ: bí ẹnìkan bá ṣèèṣì pàṣẹ kí a pa fáìlì rẹ́, ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò gbọ́ àṣẹ náà. Kí a fi ọ̀kan sílẹ̀ níbi tí àṣẹ kò dé, kí a sì máa ṣí i gbọ́ lóòrèkóòrè. Ohun tí a kò yẹ̀ wò, a kò lè sọ pé a ní i.