Ìyọ́nú sí Ara Ẹni ní College Park

Ìyọ́nú sí ara ẹni ni pé kí ènìyàn máa bá ara rẹ̀ lò nígbà àṣìṣe, ìjákulẹ̀ tàbí ìrora bí yóò ṣe bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tòótọ́ lò. Kristin Neff, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ní Yunifásítì Texas tó wà ní Austin, ló sọ ọ́ di ohun tí àwọn onímọ̀ lè wọ̀n, nínú iṣẹ́ ìwádìí méjì tó gbé jáde ní 2003. Inú ẹ̀kọ́ Búdà ló ti mú gbòǹgbò rẹ̀ wá. Ohun mẹ́ta ló tò ó lé lórí: kí ènìyàn fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó rántí pé kò sí ọmọ adáríhurun tí kì í kọsẹ̀, kó sì wo ìrora rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, láì bò ó mọ́lẹ̀, láì sì sọ ọ́ di ràbàtà.

College Park, ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland, jẹ́ ìlú kékeré tí kò jìnnà sí Washington. Nǹkan bí 35,000 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Yunifásítì Maryland, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1856 gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, tó nǹkan bí 40,000. Ìlú tí akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdánwò ló ń já a láyà. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó lọ síwájú ilé ìkàwé McKeldin lásìkò ìdánwò. Ère ahun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Testudo, idẹ ni wọ́n fi ṣe é, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ọdún 1933 ló fi ta ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ. Àwọn ọmọ a máa fọwọ́ pa imú rẹ̀ kí ó lè bọ́ sí i fún wọn, wọn a sì kó oúnjẹ, owó wẹ́wẹ́ àti oríṣiríṣi nǹkan jọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé oríta ilé wọn lòun dé. (Pé Ahun, ọ̀gá oníjìbìtì inú àlọ́ wa, ni wọ́n ń bẹ̀ nítorí ìdánwò, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.) Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe, àmọ́ ìbẹ̀rù tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Maryland wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ ní Amẹ́ríkà, Yorùbá inú wọn kò sì kéré. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, olùtọ́jú àgbàlagbà wà níbẹ̀, awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, wọ́n ń san owó ilé, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Iléṣà. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ kan mọ̀ pé oorun ìyá òun ni wọ́n fi san owó ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí kò ní sọ sí ọ̀tá rẹ̀ ni yóò máa sọ sí ara rẹ̀: “Olódo ni mí. Mo ti dójú ti ilé wa.” Ìyá rẹ̀ náà, bí ó bá rẹ̀ ẹ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ ọjọ́ kan sílẹ̀, ọ̀lẹ ni yóò pe ara rẹ̀.

Ohun tí àwọn òbí wa kọ́kọ́ máa ń bẹ̀rù ni pé irú ìyọ́nú yìí lè sọ ọmọ di àkẹ́bàjẹ́. Ìbẹ̀rù náà kò ṣàì nídìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti dán an wò. Juliana Breines àti Serena Chen ní Yunifásítì California, Berkeley, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò ọ̀rọ̀ tó le gan-an, kí gbogbo wọn lè kùnà. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé kì í ṣe àwọn nìkan nirú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí, kí wọ́n má fìyà jẹ ara wọn; wọ́n yin ọgbọ́n àwọn mìíràn; wọn kò sì sọ nǹkan kan fún ìyókù. Nígbà tí ìdánwò kejì ń bọ̀, àwọn tí wọ́n rọ̀ pé kí wọ́n ṣàánú ara wọn ló kàwé pẹ́ jù. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Lójú tèmi, ẹni tí kò bẹ̀rù ẹgba ara rẹ̀ ló lè wo ibi tó ti ṣìnà. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn: ìwò ẹ̀yìn yẹn kì í ṣeé ṣe fún ẹni tó ń na ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Kí a má sì rò pé nítorí pé a jọ ń gbé pọ̀ bí ẹbí, ìyọ́nú yìí ti wà nílẹ̀ fún wa. Ní 2008, Neff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Thailand, Taiwan àti Amẹ́ríkà wéra. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ní Éṣíà ló ka ọ̀wọ̀ fún ẹbí sí pàtàkì, síbẹ̀, ní ti ìyọ́nú sí ara ẹni, Thailand ló ga jù, Taiwan ló kéré jù, Amẹ́ríkà wà láàárín. Ó jọ pé bí ẹbí ṣe ń bá ẹni tó ṣàṣìṣe sọ̀rọ̀ ló jà jù. Àwa Yorùbá mọ bí a ṣe ń kí ẹni tó kọsẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, kódà bí a kò bá mọ̀ ọ́n rí. Ara wa la kì í kí.

Ní College Park, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́ ọ. Láti 1970 ni Help Center ti wà nínú ọgbà yunifásítì náà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ lórí fóònù, láìbéèrè orúkọ. Counseling Center, nínú ilé Shoemaker, ni àwọn onímọ̀ ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn. Kí ènìyàn rí ìrànlọ́wọ́ láàárín àwọn ènìyàn bíi tirẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: ní 1954 ni oníṣègùn ọpọlọ Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró, Abẹ́òkúta, tí aláìsàn ọpọlọ ń gbé láàárín ará abúlé, tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá wà ní ibi tí yóò lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Memorial Chapel ni ọgbà àṣàrò kan wà, wọ́n ṣí i ní 2010. Ọ̀nà kan ń yí bíríbírí lọ sí àárín rẹ̀, wọ́n sì fi ìwé sábẹ́ àwọn bẹ́ǹṣì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Adágún Artemesia náà wà, èyí tí kòtò rẹ̀ ti inú iyanrìn tí wọ́n wà fún ojú irin Metro jáde. Àwọn ènìyàn ń rìn yí i ká.

Kíkọ nǹkan sílẹ̀ bíi ti ọgbà àṣàrò yẹn lágbára ju bó ṣe jọ lọ. Ní 2010, Leah Shapira àti Myriam Mongrain ní Kánádà jábọ̀ pé àwọn tó kọ lẹ́tà ìyọ́nú sí ara wọn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ní ìrẹ̀wẹ̀sì tó dínkù títí di oṣù mẹ́ta.

Àríyànjiyàn kò tán lórí rẹ̀. Nínú ìbéèrè 26 tí Neff fi ń wọn ìyọ́nú yìí, 13 ló jẹ́ nípa òdìkejì rẹ̀, àwọn onímọ̀ bíi Peter Muris sì ní ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pò pọ̀. Paul Gilbert, ará Gẹ̀ẹ́sì tó dá ìtọ́jú kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kíyè sí i pé ẹ̀rù ìyọ́nú ń ba àwọn kan: ẹni tí wọ́n fi èébú tọ́ dàgbà lè máa sunkún tàbí kó máa bínú nígbà tí ohùn jẹ́jẹ́ bá kọ́kọ́ dé etí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó mọṣẹ́. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti kọjá ìrẹ̀wẹ̀sì ojoojúmọ́, tó ti ń rò ó pé kí òun kú, nọ́ńbà 988 ń gba ìpè lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà, tọ̀sán-tòru, láti oṣù Keje 2022.