Sìgá Kì í Ṣe Ọmọ Ètùtù: Tábà Ọjà àti Àìlera Àwọn Ọmọ Onílẹ̀

Àwọn tó ṣáájú mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ti ya tábà ètùtù sọ́tọ̀ kúrò lára tábà ọjà, wọ́n sì ṣe é re. Ohun tí n kò gbà ni èyí tí àwọn kan ń fà yọ níbẹ̀: pé nítorí àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi tábà gbàdúrà láti ayébáyé, ara wọn ti gba sìgá kó tó dé.

Àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ New Zealand, já irọ́ yẹn. Wọn kò mọ tábà rárá kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí New Zealand. Síbẹ̀, ní 2022/23, ìdá 17.1 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Māori ló ń mu sìgá lójoojúmọ́. Ti gbogbo ìlú lápapọ̀ jẹ́ 6.8. Ètùtù wo ló ṣílẹ̀kùn fún sìgá níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká tún wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín tábà ètùtù àti sìgá dáadáa. Čaŋšáša tí àwọn Lakota, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, ń dì sínú ìkòkò tí wọ́n fi ń fa èéfín àdúrà kì í tilẹ̀ ṣe ewé tábà. Èèpo igi ni. Nicotiana rustica, tábà ìbílẹ̀ gan-an, le ju ewé inú sìgá lọ. Nítorí náà, kì í ṣe líle ewé ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Tábà ètùtù ní ọjọ́ tirẹ̀. Wọ́n lè fi rúbọ lásán, wọ́n lè sun ún, wọn kì í sì í sábà fa èéfín rẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró. Sìgá kò ní ọjọ́. Ogún ló wà nínú páálí kan, àfàsínú sì ni.

Èdè wa náà mọ ìyàtọ̀: ẹni tó ń fín aáṣáà kò mu sìgá. (Èyí kò sọ aáṣáà di aláìléwu.) Atúmọ̀ èdè tó bá kọ "tábà" níbi tí sìgá wà ti gbé ẹ̀bi oníṣòwò ka olùgbàdúrà lórí.

Bóyá ètùtù tilẹ̀ ń dáàbò boni. Àwọn Navajo, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn, ní tábà ètùtù, síbẹ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ agbègbè wọn kéré ju ti àwọn ọmọ onílẹ̀ Alaska àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ Àríwá lọ fíìfíì. Àmọ́ àwọn Lakota, tí wọ́n wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Àríwá yẹn, náà ní ìkòkò àdúrà, nítorí náà n kò ní tẹnu mọ́ ọn jù. Ọjà ni mo fura sí, ọjà tó láyà láti ya ọmọ onílẹ̀ tó ń fa ìkòkò sára páálí sìgá Natural American Spirit.

Àwọn ìjọba kan ti gbìyànjú láti kápá ọjà náà. Ní 2021 ni ìjọba Navajo lé èéfín tábà ọjà kúrò ní ibi iṣẹ́ àti ilé tẹ́tẹ́, wọ́n sì yọ ti ètùtù sílẹ̀. New Zealand ṣòfin ní 2022 pé kí wọ́n má ta sìgá láéláé fún ẹni tí wọ́n bí láti 2009 wá. Ìjọba tó wọlé lẹ́yìn náà wọ́gi lé e ní 2024, kó tó ṣiṣẹ́ rárá. Àwọn Māori ni ìwọ́gilé náà máa pa jù.