Ó Ní Auguste Ni Òun Fẹ́

Òwúrọ̀, kí agogo mẹ́jọ tó lù

Lápá ìparí oṣù Kọkànlá, oòrùn kì í tètè yọ ní Frankfurt, ní Jámánì. Agogo mẹ́jọ a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kó tó yọjú. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà ní 1901, Auguste Deter wà ní ilé ìwòsàn ìlú náà fún àwọn alárùn ọpọlọ àti oníwárápá. Àná ni wọ́n gbà á wọlé. Ẹni ọdún 51 ni. Karl ọkọ rẹ̀, akọ̀wé nílé iṣẹ́ rélùwéè, ti gbé e níyàwó láti 1873.

Owú ló kọ́kọ́ dé, kí ìgbàgbé tó dé. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, ó ṣàdéédéé fẹ̀sùn kan Karl pé òun àti obìnrin aládùúgbò kan jọ ń rìn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń kó nǹkan pamọ́, tó ń rìn káàkiri ilé láìnídìí. Oúnjẹ tó bà jẹ́ kò ṣeé fi pamọ́, gbogbo ilé ni yóò tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ pé obìnrin ń jowú ọkọ, tí yóò ní ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn? Kò tíì dàgbà débi tí a ó fi sọ pé ó ń ṣarán. Òjòwú la ó pè é, a ó sì máa wo ọkọ bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe lábẹ́lẹ̀.

Àárọ̀

Dókítà Alois Alzheimer bá a lórí ibùsùn. Obìnrin náà jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ọ̀nà já mọ́ lójú. Ẹni ọdún 37 ni dókítà yìí, ó sì ti di opó: oṣù Kejì ọdún kan náà ni Cecilie, ìyàwó rẹ̀, kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Mi ò lè ka ìbéèrè tó bi obìnrin yìí kí n má rántí ìyẹn.

Kí ni orúkọ yín? Ó ní Auguste. Orúkọ ìdílé ńkọ́? Auguste. Orúkọ ọkọ yín ńkọ́? Auguste ni, lójú tòun. Dókítà ní ọkọ yín ni mo ń bi yín. Ó ní háà, ọkọ òun. Ó wá ń wò bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. Ṣé ẹ wà nílé ọkọ? Ó ní Auguste ni òun fẹ́. Ó tó ìgbà wo tí ẹ ti wà níbí? Ó ronú títí, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Dókítà na pẹ́ńsù sí i. Obìnrin náà pè é ní kálàmù. Dókítà fi àpò owó hàn án, ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ kọ́kọ́rọ́, ó mọ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, ó mọ sìgá. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti bá Karl gbé, sìgá ló mọ̀! Ó mọ̀ pé òun lọ́kọ. Ẹni tí ọkọ náà jẹ́ ló pòórá, orúkọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì wá jókòó sí àyè rẹ̀.

Ọ̀sán

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti kọlifiláwà ló ń jẹ. Wọ́n bi í pé kí ló ń jẹ, ó ní ẹ̀fọ́ spinach. Bó ti ń jẹ ẹran lẹ́nu, ó ní pòtétò ni, lẹ́yìn náà ó ní horseradish, gbòǹgbò tó máa ń ta lẹ́nu.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́

Àwọn nǹkan tí wọ́n fi hàn án, kò pẹ́ tó fi gbàgbé wọn. Ó ń mẹ́nu ba àwọn ìbejì kan ṣáá. Wọ́n ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ Frau, bí wọ́n ti ń pe abilékọ níbẹ̀, ìyókù sì fò lọ. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni dókítà ń tún sọ fún un kó tó lè kọ ọ́.

Lẹ́yìn agogo mẹ́rin ààbọ̀

Oòrùn ti wọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́ pọ̀, ìkan ń ṣi ìkan gbé, èyí tó ti sọ ló tún ń sọ.

Ohun tó tẹ̀ lé ọjọ́ yìí wà nínú ìjábọ̀ tí Alzheimer tẹ̀ jáde ní 1907. Obìnrin yìí a máa wọ́ aṣọ ibùsùn rẹ̀ kiri, a máa ké pe ọkọ àti ọmọbìnrin rẹ̀, a sì máa pariwo fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọkọ tó fẹ̀sùn kàn, tí kò lè dárúkọ fún dókítà, òun náà ló ń ké pè. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 1906. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún náà, Alzheimer dìde níwájú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tübingen láti ròyìn àìsàn náà. Nínú ìjábọ̀ tó tẹ̀ jáde lórí rẹ̀, owú tí aya ń jẹ lórí ọkọ ni àmì tó fi ṣáájú gbogbo àmì yòókù. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán ní Tübingen, kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kankan.